Ilé Òkúta Ìyá Awó

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn, mi ò gbọ́ yín. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ó dáa. Àlọ́ mi já bọ́ láti orí òkè, ó yí gbirigbiri, ó kọlu ògiri, ó dúró. Kò dúró lórí ẹlòmíràn. Orí Ìjàpá ọkọ Yánníbo ló dúró sí, òun àti Ìyá Awó, abiyamọ aláṣọ tó-tò-tó.

Orin wà nínú rẹ̀. Ègbè rẹ̀ ò le. Bí mo bá ti bi yín pé òkúta dà, ẹ ó dáhùn pé, "Ó wà lára ògiri." Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Òkúta dà?

Ó wà lára ògiri.

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má gbàgbé. A máa dé ibì kan tí n óò bi yín, tẹ́ ò ní rí nǹkan kan sọ.

Nígbà náà, gbogbo ẹranko ń gbé ní Ìsàlẹ̀-Àpáta, ní ẹsẹ̀ Òkè Pàlàpálá. Ibẹ̀ dára. Koríko wà, omi wà, iṣu ń ta. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní. Àpáta kì í mu omi. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ sórí Òkè Pàlàpálá, ìsàlẹ̀ ló ń bọ̀, kì í sì í rọra bọ̀. Bó bá dé, á gbé igi, á gbé ebè, á gbé ìkòkò tó wà lórí iná pẹ̀lú ọbẹ̀ inú rẹ̀.

Ẹni tó lẹ́sẹ̀ á sáré. Ẹni tó níyẹ̀ẹ́ á fò. Ẹyin ò lẹ́sẹ̀, ẹyin ò sì tíì níyẹ̀ẹ́.

Lọ́dún tó ṣáájú, ẹyin mẹ́rìnlá ni àgbàrá gbé lọ mọ́ Ìyá Awó lójú. Ó tẹ̀ lé omi náà títí dé etí odò. Ọ̀kan péré ló rí, nínú ẹrẹ̀. Ó gbé e sábẹ́ ìyẹ́, ó sàba lé e lórí títí ọjọ́ fi kọjá ọjọ́. Kò pa.

Ẹ lè ní kí ló dé tí kò gun òkè lọ. Orí òkè ni Àṣá ń gbé. Ẹni tó sá fún omi tó lọ bá Àṣá, ẹ bá mi wá orúkọ fún un.

Nítorí náà, nígbà tí Ìyá Awó mọ̀ pé ẹyin tún ń bọ̀ lọ́dún yìí, ó ní ilé òkúta lòun máa kọ́ kí òjò tó dé. Ó lọ bá Ìjàpá. Ìjàpá nìkan ni bíríkìlà ìlú náà. Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́? Ẹ má bi mí. Òun ló ní òun kọ́ṣẹ́.

Ìjàpá gbé àpótí fún un, ó sì jókòó tì í bí oníṣẹ́ gidi. Ó ní ilé òkúta, oríṣi méjì ni. Àkọ́kọ́ ni odidi. Wọn á gbẹ́ ìpìlẹ̀ dé orúnkún Ẹfọ̀n, wọn á to òkúta lé òkúta, ògiri á nípọn tó àgùntàn tó dùbúlẹ̀. Ó ń pẹ́, ó ń wúwo, ó ń ba ọrùn àwọn tó ń rù ú jẹ́. Ìkejì ni àlẹ̀mọ́. Amọ̀ ni wọn yóò fi mọ ògiri, wọn á wá la òkúta pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, wọn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú rẹ̀. Ó yá, ó fúyẹ́, ó tilẹ̀ máa ń dán ju odidi lọ.

Kò purọ́ níbẹ̀ o. Àlẹ̀mọ́ dára níbi tó bá ti dára. Ẹni tó bá fẹ́ kí ojú ilé òun wu àlejò, kó lẹ̀ ẹ́, kó sinmi. Ṣùgbọ́n Ìyá Awó kò wá nítorí àlejò.

"Ìyá Awó, ẹ mú àlẹ̀mọ́," ni Ìjàpá wí. "Ojú ni ayé ń wò. Ta ni yóò wo inú ògiri?"

"Omi," ni Ìyá Awó wí. "Omi á wò ó. Odidi ni mo fẹ́, ọ̀gá."

Ìjàpá mi orí. Ó ní odidi náà ni òun yóò kọ́.

Ó kọ́ ọ lóòótọ́. Ẹ ó rí ibi tó kọ́ ọ sí.

Ní Ìsàlẹ̀-Àpáta, ẹnì kan kì í dá kọ́lé. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń bẹ. Bí o bá lọ sí ọ̀wẹ̀ lágbájá, lágbájá á wá sí tìrẹ. Ìjàpá ò lọ sí ọ̀wẹ̀ ẹnì kankan rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ ọ̀wẹ̀, inú á máa run ún. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń jẹun ọ̀wẹ̀, inú á fi í sílẹ̀. Òun náà sì ń fẹ́ ilé òkúta, nítorí ewéko ni wọ́n fi ṣe tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni omi sì ti gbé e lọ pẹ̀lú ẹní. Kò lè bẹ ọ̀wẹ̀. Ta ni yóò dá a lóhùn?

Òfin kan tún wà. Ẹni tó bá gbé òkúta wá sí ọ̀wẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹun ìṣílé títí onítọ̀hún yóò fi rí òkúta rẹ̀ lára ògiri, kí wọ́n má baà fi iṣẹ́ ẹnikẹ́ni ṣòfò. Òfin tó dára ni. Ìjàpá fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Ìyá Awó bẹ ọ̀wẹ̀. Gbogbo ìlú jáde, nítorí kò sí ọ̀wẹ̀ ẹni tí kò lọ rí. Ẹfọ̀n fi ọrùn gbé òkúta kan wá tó tó àká, ìlà funfun kan gba àárín rẹ̀ kọjá bí okùn. Ìnàkí gbé dúdú kan tó ń dán. Ẹtu yí pupa kan wá. Òkúta náà pọ̀, ó ga bí òkìtì ọ̀gán.

Ẹni tó dé kẹ́yìn ni Ọmọńlé. Ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tó ń rìn lára ògiri. Nígbà yẹn, ilẹ̀ ló ń rìn bíi tàwa. Ara rẹ̀ ló kéré. Kì í ṣe ọmọdé, ó ti ní àna káàkiri. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló lò lórí òkè, ó ń fi àgbọ̀n kan òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó le. Ó wá gbé èyí tó le jù lọ lé ẹ̀yìn, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òkúta náà tó ẹ̀wà kan.

Ìjàpá gbà á, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀.

"Baba Ọmọńlé, kí ni kí n fi èyí ṣe? Kí n fi ta ayò?"

"Ẹ fi í sára ògiri," ni Ọmọńlé wí.

Ìjàpá ní kò burú. Nígbà tí Ọmọńlé yíjú, ó sọ ọ́ sínú igbó. Ẹ fi òkúta yẹn sọ́kàn.

Ó wá fi imọ̀ ọ̀pẹ yí ibi iṣẹ́ náà ká. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má yọjú síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, nítorí ògiri tí ojú bá pọ̀ lára rẹ̀ kì í gbẹ. Wọ́n gbà fún un. Òun ni bíríkìlà, àwọn kì í ṣe bíríkìlà.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe. Ó dáná sábẹ́ òkúta kọ̀ọ̀kan títí ó fi pọ́n, ó wá da omi tútù lé e lójijì. Òkúta á ké, pàá. Ojú rẹ̀ á ṣí kúrò lára rẹ̀ bí èèpo iṣu sísè. Bó ṣe bọ́ ojú òkúta Ẹfọ̀n nìyẹn, tòun ti ìlà funfun. Bó ṣe bọ́ ti Ìnàkí nìyẹn, àti ti Ẹtu. Ó mọ ògiri amọ̀ tín-ín-rín fún Ìyá Awó, ó fi ojú àwọn òkúta náà lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn wọn ńkọ́, ibi tí ìwúwo wà? Ó to igi róbótó sílẹ̀, ó ń yí wọn lé e lórí láràárọ̀, ó gba oko kúkúǹdùkú kọjá dé ilé ara rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ dé orúnkún Ẹfọ̀n. Níbẹ̀ ló ti to òkúta lé òkúta. Ẹ ò rí i pé ó mọṣẹ́.

Yánníbo ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè ibi tí òkúta ti wá. Ó ní àwọn ènìyàn fi ta òun lọ́rẹ ni. Yánníbo wò ó. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún pé, Ìjàpá ká imọ̀ ọ̀pẹ kúrò. Ilé náà ń dán. Òkúta dúdú, òkúta pupa, òkúta onílà funfun, wọ́n tò bí eyín ọmọge. Ìyá Awó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. Láàárín ọjọ́ mẹ́tàdínlógún náà, ó ti yé ẹyin méjìlá sínú agbọ̀n, kò sì fojú kan oorun dáadáa. Ó kó wọn wọlé, ó tò wọ́n sórí koríko gbígbẹ ní ẹsẹ̀ ògiri tó kọjú sí òkè. Ibẹ̀ ni omi yóò kọ́kọ́ dé. Ṣùgbọ́n òkúta wà níbẹ̀, àbí kò sí?

Àwọn tó wá sí ọ̀wẹ̀ dé fún ìṣílé. Wọ́n gbé ìkòkò ẹ̀wà kalẹ̀, wọ́n tú ẹ̀kọ. Ìjàpá dá orin, kí kálukú lè wá òkúta rẹ̀. Ẹ gbè é:

Ẹfọ̀n ọlọ́rùn líle, òkúta rẹ dà?
*Ó wà lára ògiri.*
Ìnàkí alápá gígùn, òkúta rẹ dà?
*Ó wà lára ògiri.*
Ẹtu ẹlẹ́sẹ̀ ilẹ̀, òkúta rẹ dà?
*Ó wà lára ògiri.*
Ẹni rí tirẹ̀ kó wá jókòó, òkúta yín dà?
*Ó wà lára ògiri.*

Ẹfọ̀n rí ìlà funfun rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó pe ìyàwó rẹ̀ wá wò ó. Ìnàkí rí dúdú rẹ̀, ó ń wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹtu rí tirẹ̀. Ẹni tó bá ti rí, á jókòó ti oúnjẹ. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Kò sẹ́ni tó ní kí òun wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ojú òkúta rẹ̀ níta gbangba, kí ló tún ń wá?

Ó ku àṣà kan. Bíríkìlà tó kọ́lé ni yóò kọ́kọ́ jókòó. Yóò fẹ̀yìn ti ògiri tó kọjú sí ewu, yóò jẹ òkèlè mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Ẹni tó mọ ohun tó mọ, á lè fẹ̀yìn tì í.

Ìjàpá gbójú sókè. Òkùnkùn ti bo Òkè Pàlàpálá lórí, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán ni. Atẹ́gùn kan fẹ́ wọlé, ó gbé ewé ẹ̀kọ.

Ó ní ẹ̀yìn ń yún òun. Ìyá Awó ní ògiri á bá a họ ọ́. Ó ní òun ti jẹun láti ilé. Kò sí ẹni tó gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu Ìjàpá.

"Ọ̀gá, ẹ jókòó," ni Ìyá Awó wí.

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin méjìlá náà, ó fẹ̀yìn tì í díẹ̀, bíi kí èèrà lè gba àárín wọn kọjá. Ó ń ṣírò. Òkèlè mẹ́ta, kí òun dìde, kí òun kí wọn, kí òun ti dé ilé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ó jẹ òkèlè kìíní. Ó jẹ ìkejì. Ó gbé ìkẹta dé ẹnu.

"Òkúta tèmi dà?"

Ọmọńlé ni. Ó ṣì wà níbi ògiri, ó ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Ègbè ti mọ́ wọn lẹ́nu, gbogbo wọn dáhùn pé, "Ó wà lára ògiri."

"Mi ò rí i," ni Ọmọńlé wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹfọ̀n, tí ebi ń pa jù, bẹ̀ ẹ́. "Baba Ọmọńlé, òkúta tó tó ẹ̀wà. Ẹ bu ẹ̀wà méjì nínú ìkòkò yìí dípò rẹ̀, ẹ jẹ́ ká jẹun."

Ọmọńlé ní òfin ò sọ bí òkúta ṣe gbọdọ̀ tóbi tó. Òun gbé òkúta wá, òun ò rí i, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹun. Òótọ́ ló sọ. Ẹfọ̀n fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn kúrò lẹ́bàá abọ́. Ìjàpá ní ó ní láti jẹ́ pé ó wà lẹ́yìn àwọn ńlá, kó lọ wá a lọ́jọ́ mìíràn.

"Bó bá wà lẹ́yìn wọn, n óò gbọ́ ọ," ni Ọmọńlé wí. Ó di ògiri mú, ó ń gùn ún. Kò sí aláǹgbá kan tó dán irú rẹ̀ wò rí kí ọjọ́ yẹn tó dé. Ó dé ibi òkúta Ìnàkí, ó fi àgbọ̀n kàn án.

Pó.

Ó dúró. Ó kan ti Ẹtu. Pó. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí àpáta ilẹ̀ ti yọrí, ó kàn án. Kán. Ó tún padà gun ògiri. Pó, pó, pó. Ẹ̀rín ti tán nínú ilé. Ọmọńlé dojú kọ wọ́n láti òkè, ó gba orin lẹ́nu Ìjàpá:

Ojú tó ń dán dà, òkúta dà?
*Ó wà lára ògiri.*
Ojú tó pupa dà, òkúta dà?
*Ó wà lára ògiri.*
Ojú onílà funfun dà, òkúta dà?
*Ó wà lára ògiri.*
Ẹ̀yìn òkúta dà?

Kí lẹ fẹ́ sọ? Ẹ dákẹ́, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Bí àwọn náà ṣe dákẹ́ nìyẹn.

Inú bí Ẹfọ̀n. Kì í ṣe sí Ìjàpá o, sí Ọmọńlé. Ó béèrè bóyá òkúta tí òun fi ọrùn gbé, tí ọrùn náà ṣì ń dun òun, ni ẹni tó gbé ẹ̀wà ń pè ní ohun tí kò sí. Ìjàpá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ̀sí gbáà ni. Ẹfọ̀n dìde, ó lọ bá ìlà funfun rẹ̀. Ó fẹ́ fi ìwo kàn án kó dún ketekete, kí ojú lè ti Ọmọńlé.

Ó kàn án. Òkúta náà ṣí bí èépá ojú egbò, ó bọ́ sílẹ̀, ó dá sí mẹ́ta. Kò nípọn ju àpáàdì lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni amọ̀ wà, pẹ̀lú koríko tí wọ́n fi pò ó.

Ẹfọ̀n wo ilẹ̀. Ó wo ògiri.

Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ ohùn kan láti orí òkè, ohùn tó lọ́ra tó sì gùn. Ẹtu ní àrá ni. Ìyá Awó ní kì í ṣe àrá.

Ó wo ẹyin méjìlá. Ó wo amọ̀. Ó wá wo Ìjàpá, kò gbé ohùn sókè.

"Ìjàpá. Ẹ̀yìn òkúta dà?"

Ẹ gbọ́ bó ṣe pè é. Ọ̀gá ti jáde níbẹ̀.

Ìjàpá ní kí wọ́n fara balẹ̀, pé amọ̀ tó dára ni, pé amọ̀ náà ní tirẹ̀. Ẹfọ̀n rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀, ara rẹ̀ kún un. Omi tín-ín-rín kan gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé, ó na ahọ́n sí ẹsẹ̀ ògiri, ó dé ibi koríko gbígbẹ.

"Ẹ̀yìn òkúta dà?"

"Ó wà nílé mi," ni Ìjàpá wí.

Kò sẹ́ni tó lù ú. Ààyè rẹ̀ kò sí.

"Báwo ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣe jìn tó?" ni Ìyá Awó bi í.

"Ó dé orúnkún Ẹfọ̀n."

"Ògiri ńkọ́?"

"Odidi ni."

Òótọ́ mẹ́ta léraléra. Ẹnu Ìjàpá ò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá Awó ní kí kálukú gbé ẹyin kan, bí wọ́n ṣe gbé òkúta, kí wọ́n gba oko kúkúǹdùkú lọ. Ẹfọ̀n kò lè gbé ẹyin, nítorí náà ó bọ́ síta, ó fi ara dá omi dúró níwájú ẹnu ọ̀nà. Ìjàpá náà dìde. Ó ní òun á ṣáájú lọ ṣílẹ̀kùn.

"Ìwọ jókòó," ni Ìyá Awó wí. "Ìwọ lo kọ́ ọ. Fẹ̀yìn tì í dáadáa. Má dìde títí ẹyin mi tó kẹ́yìn yóò fi jáde."

Kò sí ibi tó fẹ́ gbà. Ẹfọ̀n wà níta. Ó fẹ̀yìn tì í. Èèrà ò lè gba àárín wọn mọ́. Ó gbọ́ bí amọ̀ ṣe ń rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí òtútù rẹ̀ ṣe ń wọ̀ ọ́ lára, bí omi ṣe ń ti ògiri náà láti òdì kejì. Ó tẹ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀. Ọmọńlé wà lókè, ó gbé etí lé ògiri, ó ń kàn án. Pó ti kúrò níbẹ̀. Pẹ̀, ló ń dún báyìí.

Ìnàkí gbé méjì jáde. Ẹtu gbé ọ̀kan sí ẹnu. Ẹyin mẹ́rin lọ. Ẹyin méje lọ. Ojú òkúta kan bọ́ lára ògiri, ó já lé Ìjàpá léjìká. Ẹyin mẹ́wàá lọ. Omi ti dé àyà rẹ̀. Ẹyin mọ́kànlá lọ.

"Ó pé," ni Ìjàpá wí. "Méjìlá ti jáde. Mo kà á."

Ìyá Awó dúró nínú omi. Ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kiri. "Mọ́kànlá ni."

"Ìyá Awó, ẹ gbọ́ tèmi, méjìlá ni. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Mọ́kànlá ni, Ìjàpá."

Ọmọńlé sọ̀rọ̀ láti òkè. Ohùn rẹ̀ ò ga ju ti ẹni tó ń béèrè iyọ̀ lọ. "Ó wà lábẹ́ rẹ̀."

Òótọ́ ni. Nígbà tí Ìjàpá ń tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹyin náà ti yí wọ abẹ́ àyà rẹ̀. Ó ti ń fara kàn án láti ọjọ́ yìí. Ìyá Awó ki orí bọ omi, ó fà á yọ, ó gbé e mọ́ra, ó jáde. Ọmọńlé bẹ́ sí ẹ̀yìn Ẹfọ̀n. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi gbọ́ ìró ilé tó wó lẹ́yìn wọn, gbìì.

Nígbà tí wọ́n dé ilé Ìjàpá, Yánníbo wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ẹyin, ó wo omi, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n wọlé. Àgbàrá dé, ó kọlu ilé náà, ó yí i ká, ó tún kọlù ú. Ọmọńlé gun ògiri, ó fi àgbọ̀n kàn án. Kán. Ìgbà náà ni wọ́n tó mí kanlẹ̀.

Oòrùn ọjọ́ kejì le. Ìjàpá jáde nínú ẹrẹ̀ níbi tí ilé ti wó lé e. Amọ̀ bò ó lẹ́yìn, ojú àwọn òkúta lẹ̀ mọ́ amọ̀. Ó họ ọ́, kò kúrò. Oòrùn ti sun ún gbẹ. Dúdú, pupa, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, wọ́n tò sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìlà láàárín wọn. Ó wọ́ dé ilé, ó kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?" Ohùn Ìyá Awó ló gbọ́.

"Onílé ni."

"Òkúta ta lo fi kọ́ ọ?"

Kó tó rí èsì fún un, Ẹfọ̀n ti ṣa ojú òkúta tirẹ̀ tó dá sí mẹ́ta nínú ẹrẹ̀ wá, ó fi í ti òkúta ńlá kan lára ògiri náà. Ìlà funfun bá ìlà funfun mu. Òkúta ọ̀wẹ̀ Ìyá Awó, ilé Ìyá Awó. Yánníbo kó ẹrù rẹ̀ jáde, ó dúró ti ọkọ rẹ̀. Ìjàpá yíjú padà. Láti ìgbà náà ni kò ti ní ilé mìíràn ju èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Ẹ wò ó dáadáa bí ẹ bá rí i. Àlẹ̀mọ́ ni.

Ẹyin méjèèjìlá pa. Ìyá Awó dúró láàárín àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní bíríkìlà kan ò tún ní bá òun kọ́ ilé ọmọ mọ́. Òun tìkára òun ni yóò máa fi òkúta yí wọn ká kí wọ́n tó jáde nínú òun. Ó lọ sínú igbó lẹ́yìn ilé tó wó, ó ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ jẹ. Èyí tó kọ́kọ́ gbé mì, ó tó ẹ̀wà kan. Ó le ju gbogbo wọn lọ.

Ìdí nìyẹn tí ẹyin awó fi le báyìí. Ẹ mú ẹyin adìyẹ, ẹ mú ẹyin awó, ẹ fi kọ lu ara wọn. Ẹ mọ èyí tó ń fọ́.

Ọmọńlé ńkọ́? Ó ṣì wà lára ògiri ilé yín, ó ń kàn án, ó ń gbé etí lé e. Wọ́n ti sọ fún un pé òkúta rẹ̀ ti di èèpo ẹyin awó. Ó ní òun ò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa, ṣùgbọ́n òun á kọ́kọ́ rí i. Ẹ bá mi sọ fún un. Ọmọńlé, òkúta rẹ dà?

Ó wà lára ògiri.

Ibi tí àlọ́ mi wó sí nìyí, ibẹ̀ náà ni mo fi í sílẹ̀ sí. Ẹni tó bá rò pé mo purọ́, kó súnmọ́ tòsí, kó fi ìka kan iwájú orí mi. Bó bá dún pó, ẹ ò gbọdọ̀ gbọ́ àlọ́ lẹ́nu mi mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ òótọ́, kó dún lẹ́ẹ̀mẹta:

Kán.

Kán.

Kán.